Bí A Ṣe Ń Di Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Padà sí Sáìtì: Ìtọ́sọ́nà fún Ọ̀gá Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́

Ọdún kejì tí mo sin ilẹ̀ bàbá mi (NYSC) tán ni wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá sáìtì lórí ilé alájà mẹ́ta kan ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ da kọnkéré sí dẹ́kìǹ kejì, aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ni míksà ti dé, lébìrà bí ogún ti wà nílẹ̀, omi ti kún dúrọ́ọ̀mù. Bàbá tó jẹ́ olórí àwọn tó ń tẹ irin wá bá mi lórí pákó. Ó ní, "Ẹnjiníà, irin òkè bákónì yìí ti lọ sílẹ̀ o. Àwọn ọmọ ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́." Gbogbo èèyàn ló gbọ́. Ojú tì mí. Mo dá a lóhùn pé iṣẹ́ tí mo gbé fún wọn ni kí wọ́n ṣe, kí wọ́n fi tèmi sílẹ̀ fún mi. Bàbá ò fèsì. Ó wo irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wúwo nìyí. Bákónì tó yọ síta láìsí òpó lábẹ́ iwájú rẹ̀, òkè rẹ̀ ni ẹrù ti ń fà á ya, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Òkè ni irin tó ń gbé e gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kí kọnkéré tó bò ó, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́ títí ọjọ́ tí bákónì yóò là nídìí.

Aago mẹ́jọ ni ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò ilé náà dé. Ó fi téèpù wọn ibi tí irin wà, ó ní kí wọ́n pa míksà. Ọjọ́ yẹn tán lórí gbígbé irin sókè, ká tẹ irin kékeré bí àga láti fi gbé e ró, ká tún bísíkíìtì tó ti fọ́ ṣe, ìyẹn kọnkéré kékeré tó ń gbé irin kúrò lára pákó. Mo san owó iṣẹ́ lébìrà láìda páànù kọnkéré kan. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn mí jù. Oṣù mẹ́rin tó kù lórí iṣẹ́ náà, bàbá yẹn ò sọ ohun kan fún mi mọ́. Bí mo bá bi í, á dáhùn. Bí mi ò bá bi í, á wò mí.

Ojú pọ̀ ní sáìtì ju ojú ọ̀gá lọ. Iṣẹ́ ọ̀gá ni láti rí i pé ẹni tó rí nǹkan fẹ́ wá sọ ọ́ fún un, kó sì sọ ọ́ ní kùtùkùtù. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, láti orí ìkíni dé orí ìwé ẹ̀rí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ èèyàn kí ẹ tó mọ òpó

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lórí iṣẹ́ tuntun, ẹ má gbájú mọ́ pílánnù nìkan. Ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ kọ gbogbo ẹni tí iṣẹ́ náà kàn sí i: onílé, ayàwòrán ilé, ẹnjiníà tó ṣírò irin àti òpó, QS tó ń ṣírò owó iṣẹ́, fóòmánù, olórí bíríkìlà, olórí káfíńtà, olórí àwọn tó ń tẹ irin, púlọ́ńbà, oníná, oníyanrìn, oníbúlọ́ọ̀kù. Ẹ fi ará ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáìtì kún un, àti ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́nu géètì. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹni náà ń retí lọ́wọ́ yín àti ohun tí ẹ̀yin náà ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn kan wà tí ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń retí. Àwọn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Mi ò ṣàdédé dárúkọ ìyá olóúnjẹ. Ọ̀pọ̀ lébìrà ló ń jẹun ní àwìn lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di Sátidé. Bí owó bá pẹ́, òun náà ti wọ gbèsè. Ó mọ ẹni tí ara rẹ̀ ò yá tó sì ń fi agídí gun pákó, ó mọ àwọn méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa kí i dáadáa.

Ní ti ará àdúgbò, ẹ lọ kí wọn kí ilẹ̀ gbígbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tí míksà máa ké, ibi tí típà máa da yanrìn sí, àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè bí eruku bá pọ̀ jù. Bí ìpìlẹ̀ yín bá sún mọ́ ògiri wọn, ẹ jọ ya àwòrán ògiri náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin àti wọn lè jọ mọ èyí tó ti là tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ìkíni ṣáájú ìbéèrè. "Ẹ kú iṣẹ́" kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, kí "irin mélòó ló kù?" tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dàgbà tó bàbá yín, ẹ má sọ pé nítorí pé ọwọ́ yín ni owó ti ń jáde, kí ẹ máa pè é ní "ìwọ". Bàbá ni, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí orúkọ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, tí àwọn bíríkìlà ò sì jẹ́ kó mọ nǹkan kan nítorí ẹnu rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ iṣẹ́ ẹnì kan sọ́nà, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yà síbí díẹ̀. Ìlà búlọ́ọ̀kù tó wà lápá ibẹ̀ yẹn, mo fi okùn wò ó, ó tẹ̀ díẹ̀. Kí lẹ rò pé a lè ṣe sí i?" Ìbéèrè ìgbẹ̀yìn yẹn ló ṣe pàtàkì. Nígbà mìíràn ìdáhùn tó máa fún yín máa ń sàn ju èyí tí ẹ gbé wá lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kò gba ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́: ewu. Bí ẹnì kan bá dúró lábẹ́ ohun tó lè já lé e, ẹ pariwo, ẹ bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé sáìtì, lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ jù. Nínú gbogbo ohun tó sọ mí di ẹni tí wọ́n ń pè padà, kò sí èyí tó tó ìwé ńlá eléèpo líle kan tí mo ń kọ lálaalẹ́ kí n tó kúrò ní sáìtì. Ojú ewé kan láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ rèé:

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò rọ̀ láti aago 11 sí 12:40. Bíríkìlà 4, àwọn tó ń tẹ irin 3, lébìrà 6. Sìmẹ́ńtì láàárọ̀: àpò 62. Tó wọlé: 100. Tí a lò: 12. Tó kù: 150. A da òpó 6, a to búlọ́ọ̀kù 310. Onílé dé ní aago 3, ó ní kí a gbé ilẹ̀kùn yàrá àlejò lọ sí apá òsì. Mo ní ká bi ayàwòrán ilé ná. Ẹnì kan gún ìṣó lẹ́sẹ̀, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́."

Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo ohun tó ń ṣe fún àjọṣe. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí onílé ní òun ò sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn rí, kò sí ìjà, ẹ ṣí ìwé. Bí QS bá béèrè ìdí tí ọ̀sẹ̀ kan fi kún iṣẹ́, òjò ọjọ́ mẹ́rin wà nínú ìwé pẹ̀lú aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tó dá. Bí sìmẹ́ńtì bá ń dín, ìṣirò máa fi hàn lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti fura sí ọlọ́dẹ tí kò mọ nǹkan kan. Onílé tó ń gbàgbé ohun tó sọ kì í ṣe òpùrọ́. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní ọmọ nílé ìwé. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá a rántí.

Nítorí náà, gbogbo àṣẹ tí ẹnikẹ́ni bá fi ẹnu pa, ẹ fi ránṣẹ́ padà sí i lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ má kọ ọ́ bí ọlọ́pàá. "Ẹ káalẹ́ sà. Ẹ ṣé tí ẹ yà wá lónìí. Ẹ ní ká gbé ilẹ̀kùn yàrá àlejò lọ sí apá òsì. Màá bi ayàwòrán ilé lọ́la, màá sì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó bá máa kan owó tàbí ọjọ́, ká tó fọwọ́ kàn án." Ó parí. Ẹ ti bọ̀wọ̀ fún un, ẹ ti dáàbò bo ara yín, ẹ ò sì tíì ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ yín.

Ìwé ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, èyí sì máa ń dùn mí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ikoyi, ní Èkó, wó lulẹ̀. Ó lé ní 40 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ òṣìṣẹ́ tó wá gba owó ọjọ́. Lẹ́yìn tó wó ni lẹ́tà kan jáde sí gbangba: láti oṣù Kejì ọdún 2020 ni ilé iṣẹ́ ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kọ̀wé pé àwọn kúrò nínú iṣẹ́ náà. Lébìrà tó ń ru páànù lọ sókè lọ́jọ́ yẹn kò lè mọ̀ pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà. Èrò tèmi ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹ̀mí, ẹ má jẹ́ kó parí sáàárín ẹ̀yin àti onílé. Ní Èkó, LASBCA ni àjọ tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé. Ìpínlẹ̀ mìíràn ní tirẹ̀. Ẹ lè pàdánù iṣẹ́ kan nítorí rẹ̀. Ẹ fara mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tètè sọ ìròyìn tí kò dára

Gbogbo ọ̀gá sáìtì ló ń gbé ìròyìn ayọ̀ lọ bá onílé. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbé ìkejì lọ. Ìròyìn tí kò dára dà bí omi tó ń jò wọ inú ògiri, bí ẹ bá fi pamọ́ sẹ́yìn ọ̀dà, yóò tóbi níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló máa ń ṣáájú, ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, iye tó máa ná wa, ní náírà tàbí ní ọjọ́. Kí n tó dákẹ́, màá gbé ọ̀nà méjì sílẹ̀ pẹ̀lú èyí tí èmi yóò yàn bó bá jẹ́ owó mi. Ẹ jẹ́ ká sọ pé N500 gorí àpò sìmẹ́ńtì, ó sì ku àpò 200 tí a ó rà. "Ẹ káàárọ̀ mà. Sìmẹ́ńtì ti fi N500 gorí àpò kan láti àná. Lórí 200 tó kù, N100,000 ló máa fi kún un. A lè ra gbogbo rẹ̀ lónìí bí owó bá wà, a ní ibi gbígbẹ tí a lè kó o sí, tàbí ká ra 80 tó máa parí líńtẹ̀lì orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ká sì dúró wo ọjà. Èmi ì bá ra 80, torí sìmẹ́ńtì tó bá pẹ́ nílẹ̀ lásìkò òjò máa ń dì." Onílé lè bínú sí ọjà. Kò ní rídìí bínú sí yín.

Ìròyìn àṣìṣe yín ló nira jù. Ẹ sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá yín sọ ọ́. Ẹ má sọ pé "wọ́n ṣe é", ẹ sọ pé "mo ṣe é", kí ẹ sì ti mọ bí ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Sátidé

Inú Sátidé ni orúkọ ọ̀gá sáìtì wà. Oníṣẹ́ ọwọ́ lè gbàgbé ìbínú yín ọjọ́ Ajé, kò ní gbàgbé Sátidé tó lọ sílé láìgba owó.

Ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ní kíkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan: iye owó búlọ́ọ̀kù kan, ta ló ń po yanrìn, ta ló ń gbé búlọ́ọ̀kù sókè, ta ló ń ra okùn. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ wọn iṣẹ́. Ẹ má jókòó sínú ọ́fíìsì máa ṣírò iṣẹ́ ẹni tó wà níta.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, èmi àti olórí bíríkìlà kan ò fi ẹnu kò. Ó ní òun to búlọ́ọ̀kù bíi 180 sí ògiri kan, mo ní kò tó bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní orí téèpù, mo di ìdí rẹ̀ mú. Ògiri náà gùn tó mítà 6, ó sì ga bíi mítà 3. A jọ kà á: búlọ́ọ̀kù 13 lórí ìlà kan, ìlà 13. Ó di 169. Ilẹ̀kùn gba àyè búlọ́ọ̀kù 2 ní fífẹ̀, ìlà 9 ní gíga, ìyẹn 18. Ó ku 151. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbàgbé ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ, ó fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti wó ògiri kékeré kan tí wọ́n sì tún un tò, torí pílánnù yí padà. Búlọ́ọ̀kù 22 ni. Èmi ni mo gbàgbé ìyẹn. Mo ṣí ìwé sáìtì, ó wà níbẹ̀. Mo san 173. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní iṣẹ́ ní òpin ìlú, ọkùnrin yẹn máa ń kọ iṣẹ́ tó sún mọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ láti wá bá mi.

Bí owó ò bá ní sí ní Sátidé, ẹ sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ wá owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ fún wọn, kí ẹ dá ọjọ́ tí ìyókù máa dé, kí ẹ má sì yẹ ọjọ́ náà. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì, búùtù àti ìbọ̀wọ́, ẹ kà wọ́n mọ́ owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin gan-an sì máa dé tiyín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn akẹgbẹ́ yín rọrùn

Ayàwòrán ilé àti ẹnjiníà kò sí ní sáìtì lójoojúmọ́. Fóònù wọn kún fún ìpè "ẹ wá o, ìṣòro wà". Ẹ kọ ìbéèrè yín lọ́nà tí wọ́n á fi lè dáhùn láti inú mọ́tò: nọ́ńbà pílánnù, òpó tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àwòrán kan láti ọ̀nà jíjìn àti òmíràn láti tòsí pẹ̀lú téèpù lára rẹ̀, ohun tí ẹ̀yin rò pé ó yẹ, àti ọjọ́ tí ẹ nílò ìdáhùn kí iṣẹ́ má bàa dúró. Ẹni tó bá ń béèrè báyìí, wọ́n tètè ń dá a lóhùn. Ẹ má sì yí irin padà láti 16mm sí 12mm nítorí pé 16mm wọ́n lọ́jà. Ẹ béèrè.

Ẹ jọ wo irin kí kọnkéré tó bò ó, ẹ̀yin, ẹnjiníà àti olórí àwọn tó ń tẹ irin, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí bàbá tó tẹ irin náà sọ̀rọ̀ kọ́kọ́. Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe lórí bákónì ọjọ́sí, mi ò jẹ́ fo èyí.

Kúùbù kọnkéré, èyí tí wọ́n fi ń dán agbára kọnkéré wò, náà ń kọ́ èèyàn ní ìwà. Mítà 0.15 ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó bu kọnkéré tó ń lọ sínú ilé gan-an sí i, ẹ ó kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti wá sí i lára, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sínú omi, wọ́n á sì fọ́ ọ lójú ẹ̀rọ ní ọjọ́ keje àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ti ọjọ́ keje sábà máa ń tó bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí ẹ ń wá, nítorí náà ó ń ta yín lólobó ní kùtùkùtù. Àwọn kan máa ń po kúùbù lọ́tọ̀, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kún un, kí èsì lè dára. Ẹ má ṣe é láé. Bí èsì bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ gbé e lọ bá ẹnjiníà lọ́jọ́ náà. Ẹnjiníà tó ti gba èsì tí kò dára lọ́wọ́ yín rí, á gba èyí tó dára lọ́wọ́ yín gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wọ ẹgbẹ́ iṣẹ́ yín, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀

Ẹgbẹ́ àwọn akọ́lé ní Nàìjíríà ni Nigerian Institute of Building, NIOB, láti ọdún 1967. CORBON ni àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1989 láti máa forúkọ akọ́lé sílẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ní NSE láti 1958, COREN ló sì ń forúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn ayàwòrán ilé ní NIA láti 1960, àwọn QS ní NIQS láti 1969. Ní Èkó, láti 2011, àwọn oníṣẹ́ ilé láti inú ẹgbẹ́ oríṣiríṣi jọ ń pàdé nínú Building Collapse Prevention Guild, ẹgbẹ́ tó ń wá bí ilé ò ṣe ní máa wó. Ibẹ̀ lẹ ti lè mọ ẹnjiníà, ayàwòrán àti QS ní ìjókòó kan.

Sísan owó ẹgbẹ́ nìkan kò mú ẹnikẹ́ni mọ̀ yín. Ẹ lọ sí ìpàdé ẹ̀ka yín. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Ní ìkejì, ẹ gba iṣẹ́ kékeré kan tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, ẹ tò àga, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń wo ẹni tó ń parí nǹkan. Ẹ má pín káàdì orúkọ kiri bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Bí ẹ bá mọ èèyàn méjì dáadáa lọ́dún kan, ẹ ti ṣe púpọ̀.

Fún ẹni tó ń lọ sí Ìlú Ọba, CIOB ni ẹgbẹ́ akọ́lé tó ti wà níbẹ̀ láti 1834. Ọ̀pọ̀ sáìtì ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé láìní CSCS, káàdì òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́, ó sì ní ìdánwò lórí ààbò tí ẹ gbọ́dọ̀ yege. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ lè béèrè ẹni tó lè jẹ́rìí yín láti ilé. Ẹ má fi ìjà kúrò ní sáìtì kankan.

Ìgbésẹ̀ keje: ìdàgbàsókè tiyín

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ yan ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ mọ̀. Kì í ṣe márùn-ún. Oṣù mẹ́ta yìí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé irin, èyí tó ń sọ iye irin, gígùn rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, Excel, títí ẹ ó fi lè ṣe ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ń bọ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, bí QS ṣe ń kọ ìwé ìṣirò. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, bí ẹ bá fẹ́ PMP, ìwé ẹ̀rí dídarí iṣẹ́, PMI tó ń fúnni ní ìwé náà ń béèrè oṣù 36 ìrírí dídarí iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní dígírì ọdún mẹ́rin, àti wákàtí 35 ẹ̀kọ́. Ìwé sáìtì yín ló máa bá yín rántí oṣù wọ̀nyẹn.

Ẹ wá olùkọ́, kí ẹ má sì rò pé ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ló lè kọ́ yín. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ ilé Ìbàdàn yẹn parí, mo wá ilé bàbá tó ń tẹ irin lọ ní Mọ́kọ́lá. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo wá tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ ọjọ́ bákónì." Ó ní kí n dìde, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí bí mo ṣe máa gé irin mítà 12 bí mo bá ń wá ègé mítà 3.5. Mo ní mẹ́ta. Ó ní mo ti sọ mítà 1.5 di pàǹtí. Ó ní kí n wo pílánnù fún ègé mítà 5: 3.5 méjì, 5 kan, ó pé 12. Pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lórí ilẹ̀ ilé rẹ̀ ló fi kọ́ mi, ìyàwó rẹ̀ sì ń bá wa gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun wá. Irin tí mo ti dá sí láti ọjọ́ yẹn ò lóǹkà.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé sí àgbà kan nínú iṣẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ẹ ń wá iṣẹ́. Ẹ béèrè ohun kan tó lè dáhùn ní ìṣẹ́jú márùn-ún. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín ní ìpàdé lórí omi tó ń yọ nínú ìpìlẹ̀. Ibi tí mo wà lọ́wọ́ báyìí, omi ń yọ ní mítà 1.2. Ṣé kí n kọ́kọ́ fa omi ni àbí kí n yí ètò gbígbẹ́ padà?" Lẹ́yìn tó bá dáhùn, ẹ ṣe é, kí ẹ sì padà wá sọ èsì fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè kì í padà wá. Ẹni tó bá padà wá ni àgbà máa ń rántí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́

Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá wà lẹ́yìn tí onílé ti gba ilé, tí ẹ ṣì gbọ́dọ̀ tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá sáìtì máa ń sá fún fóònù lásìkò yìí. Ẹ̀yin, ẹ pè kí wọ́n tó pè yín. Ẹ kí wọn ní ọdún Iléyá, ẹ kí wọn ní Kérésì. Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá sì rọ̀, ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́.

Mo máa ń mú tọ́ọ̀ṣì àti ìwé sáìtì ilé náà dání. Mo ń wo ibi tí páànù òrùlé ti pàdé ara wọn, igun fèrèsé, ẹsẹ̀ ògiri lápá ibi tí omi ti ń ṣàn. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gun òkè lọ sí bákónì, màá kúnlẹ̀, màá tan iná sí ìdí rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ilé, láti wò ó bóyá ìlà kankan ti yọ. Mo máa kọ ohun tí mo rí síwájú ojú ewé ọjọ́ tí a da kọnkéré rẹ̀, mo máa ya àwòrán rẹ̀, mo sì máa fi ránṣẹ́ sí onílé kí n tó kúrò lẹ́nu géètì.